Ilé Royall ní Medford: Kí Ẹwà Ilé Má Bo Gbèsè Mọ́lẹ̀

Ní ìlú Medford, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ilé oko alájà mẹ́ta kan wà tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti ń sún mọ́ 300 ọdún. Bí àlejò bá dúró níwájú rẹ̀ ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, ohun tí ojú rẹ̀ máa kọ́kọ́ rí ni ògiri tó jọ òkúta gbígbẹ́ tí wọ́n tò léra wọn létòlétò. Ṣùgbọ́n kí ó sún mọ́ ọn, kí ó fọwọ́ kàn án. Pákó ni. Gbẹ́nàgbẹ́nà ló fi ọgbọ́n gé e kí ó lè jọ òkúta lójú ẹni tó bá ń kọjá lọ. Bí àlejò náà bá wọlé, tí ó gun àtẹ̀gùn dé yàrá tí wọ́n ń pè ní Yàrá Mábù, kò ní rí mábù níbẹ̀. Igi ni àwọn òpó ara ògiri. Ọ̀dà ni wọ́n kùn wọ́n tí wọ́n fi jọ òkúta olówó iyebíye.

Ilé tó ń parọ́ láti ojúde dé ìyẹ̀wù ni. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa lé e bá. Ní Medford, òtítọ́ kò rìn jìnnà rárá kó tó lé irọ́ bá. Ìgbésẹ̀ díẹ̀ péré ló wà láàárín ilé ńlá náà àti ilé kékeré kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ilé kékeré yẹn ni àwọn ẹrú ń gbé.

Ọ̀rọ̀ ilé méjèèjì ló wà nílẹ̀ yìí. Nígbà tí àwọn ènìyàn bá ń yin ilé àtijọ́ pé ó rẹwà, tí ìjọba fi òfin dáàbò bò ó, tí àwọn arìnrìn-àjò ń sanwó láti wò ó, ta ni wọ́n ń yìn gan-an? Ta ló sì ni ogún náà?

Irú ilé kíkọ́ yìí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Georgian. Orúkọ àwọn ọba wọn mẹ́rin tí wọ́n ń jẹ́ George, tí wọ́n jọba tẹ̀lé ara wọn láti 1714 sí 1830, ni wọ́n fi sọ ọ́. Ìdọ́gba ni òfin rẹ̀. Ilẹ̀kùn máa ń wà láàárín gbùngbùn. Iye fèrèsé tó bá wà lápá ọ̀tún náà ló máa wà lápá òsì. Fèrèsé òkè sì máa ń dúró ṣánṣán lórí ti ìsàlẹ̀. Lára ilé àwọn ará Gíríìkì àti Róòmù àtijọ́ ni wọ́n ti wo òpó àti ìwọ̀n rẹ̀. Wọ́n yà á sínú ìwé, ìwé náà sì bá ọkọ̀ ojú omi dé gbogbo ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso. Olówó tí kò bá fẹ́ náwó òkúta a fi pákó ṣe é. George Washington pàápàá ṣe bẹ́ẹ̀ ní Mount Vernon, ilé oko tirẹ̀ ní Virginia: pákó ni wọ́n gé, tí wọ́n kùn, tí wọ́n sì da iyanrìn sára ọ̀dà rẹ̀ kí ó lè jọ òkúta. Àwọn ẹrú ló ń ṣiṣẹ́ ní oko tiẹ̀ náà.

Kò sí ẹni tó lè sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ Ilé Royall kò dára. Bíríkì ni ògiri rẹ̀ ní apá àríwá àti gúúsù, níbi tí àwọn ihò èéfín wà. Pákó ló wà níwájú àti lẹ́yìn. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ igi, tó rí bí wọ́n ṣe gbẹ́ àtẹ̀gùn àti ara ògiri inú ilé náà, á kan sáárá sí i. Ní 1960, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kà á mọ́ àwọn ibi pàtàkì nínú ìtàn orílẹ̀-èdè náà. Èyí dára. Àmọ́ ẹni tó bá yin iṣẹ́ gbọ́dọ̀ béèrè ibi tí owó rẹ̀ ti wá.

Ten Hills Farm, èyí tó túmọ̀ sí Oko Òkè Mẹ́wàá, ni orúkọ ilẹ̀ tí ilé náà wà. John Winthrop, tó jẹ́ gómìnà Massachusetts, ni wọ́n fi ilẹ̀ náà fún ní 1631. Ní 1732, Isaac Royall ra éékà tó lé ní 500 nínú rẹ̀, pẹ̀lú ilé bíríkì kan tó ti wà níbẹ̀. Ilé yẹn ni ó fẹ̀ sí i, tí ó sì gbé ga. Lẹ́yìn tí ó kú ní 1739, ọmọ rẹ̀ tó ń jẹ́ Isaac bíi tirẹ̀ tún fi ọ̀ṣọ́ kún un.

Royall àgbà kì í ṣe àgbẹ̀ tó di ọkọ́ mú. Erékùṣù Antigua ni ó ti kó owó jọ. Ó ní oko ìrèké níbẹ̀. Ó ń ta ṣúgà, ó ń ta ọtí tí wọ́n fi ìrèké pọn, ó sì ń ta ènìyàn. Ní 1736, àwọn aláṣẹ Antigua sọ pé àwọn ẹrú ń dìtẹ̀, wọ́n sì dáná sun ọ̀pọ̀ nínú wọn láàyè. Hector, tó jẹ́ olórí àwọn òṣìṣẹ́ ní oko Royall, wà lára àwọn tí wọ́n pa. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Royall kó ẹbí rẹ̀ lọ sí Medford. Ó kéré tán, ènìyàn 27 tó ń pè ní ẹrú rẹ̀ ló kó dání.

Ohun kan wà tí Royall ṣe nígbà tó dé, tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń yin ilé rẹ̀ mọ̀. Ní oṣù Kejìlá 1737, ó kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Massachusetts. Òfin ìgbà náà ni pé kí ẹni tó bá kó ẹrú wọ̀lú san owó ibodè lé wọn lórí. Royall bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má gba owó náà lọ́wọ́ òun, nítorí pé ìlò ara òun ni òun kó wọn wá fún, òun kò kó wọn wá tà. Ọkùnrin tó ń kọ́ ilé tó jọ òkúta fi ènìyàn 27 sí ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú àpò ṣúgà.

Láti 1737 títí di 1775, ó lé ní 60 ènìyàn tí wọ́n fi ṣe ẹrú ní oko náà. Àwọn ló ń dáko, àwọn ló ń da ẹran, àwọn ló ń se oúnjẹ, àwọn ló ń fọ aṣọ, àwọn ló sì ń dúró ti àwọn àlejò nídìí tábìlì. Bí ìdọ́gba bá wà nínú fèrèsé ilé náà, kò sí nínú ayé àwọn tó ń nu fèrèsé ọ̀hún.

Ku díẹ̀ kí ogun òmìnira Amẹ́ríkà bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹrin 1775, Isaac Royall kékeré, tó fara mọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì, fi Medford sílẹ̀. Ó gba Halifax ní Kánádà lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 1781. Ní 1776, ó kọ lẹ́tà sí ẹnì kan ní Medford pé kó bá òun ta àwọn ẹrú òun. Ó ní pọ́ùn 60 ni òun ra Stephen àti George lọ́kọ̀ọ̀kan, òun máa gba 50, kódà bó jẹ́ 15, òun máa gbà á. Ó ní pọ́ùn 35 ni òun ra Hagar, òun máa gba 25. Bí ẹni ń ta àga tó ti gbó ni olówó yìí ṣe ń já owó ènìyàn wálẹ̀.

Yorùbá ní ẹrú kú, ìyá kò gbọ́. Ọmọ kú, ariwo ta. Bẹ́ẹ̀ ẹrú ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀. Ìtàn ìkọ́lé ti ta ariwo Royall fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ta ló ta ariwo Hagar?

Obìnrin kan wà nínú ilé náà tí kò gbà kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Belinda ni wọ́n ń pè é. Nígbà tó yá, ó ń jẹ́ Belinda Sutton. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì 1783, ó gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ tirẹ̀ lọ síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Massachusetts, níbi tí Royall àgbà ti bẹ̀bẹ̀ nípa owó ibodè ní nǹkan bí ọdún 45 ṣáájú. Ẹlòmíràn ló bá a kọ ìwé náà, òun sì fi àmì ọwọ́ sí i. Ìwé náà sọ pé ẹ̀bá odò Volta ni wọ́n ti bí i, àti pé kò tíì pé ọmọ ọdún 12 nígbà tí àwọn aláwọ̀ funfun tó dìhámọ́ra já wọ igbó mímọ́ tí òun àti àwọn òbí rẹ̀ ti ń jọ́sìn, tí wọ́n sì já a gbà lọ́wọ́ wọn. Ta ni wọ́n ń sìn nínú igbó náà? Ìwé ẹ̀bẹ̀ Belinda dárúkọ rẹ̀: Òrìṣà, ẹlẹ́dàá ohun gbogbo.

Ọ̀rọ̀ yìí ló sọ ilé oko Medford di ọ̀ràn gbogbo ẹni tó ń sọ èdè Yorùbá. Ní 1783, láàárín ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì jáǹtìrẹrẹ, níwájú àwọn aṣòfin Boston, Òrìṣà wà níbẹ̀ gedegbe. Òótọ́ ni pé orílẹ̀-èdè Gánà òde òní ni odò Volta ti ṣàn wọ òkun, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ìkánjú sọ Belinda di ọmọ Ọ̀yọ́ tàbí ọmọ Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í dá la òkun kọjá. Ẹnu ẹnì kan ló gbé e.

Ohun tí Belinda béèrè kò pọ̀. Ó ní òun ti sin ilé Royall fún 50 ọdún, pé òun ti tó ẹni 70 ọdún, pé òun ní ọmọbìnrin aláìlera kan lọ́rùn, àti pé iṣẹ́ ọwọ́ òun wà nínú ọrọ̀ tí Royall fi sílẹ̀ lọ. Nínú ọrọ̀ náà ni kí wọ́n ti fún òun ní ohun tí òun máa jẹ. Ilé ìgbìmọ̀ gbà pé ẹjọ́ rẹ̀ tọ́. Wọ́n pàṣẹ pé kí wọ́n máa san pọ́ùn 15 àti ṣílè 12 fún un lọ́dọọdún láti inú ohun ìní Royall. Kò pẹ́ tí owó náà fi dáwọ́ dúró. Belinda tún kọ̀wé. Wọn kò san án bó ṣe yẹ, ó tún pa dà kọ̀wé. Títí di 1793 ni arúgbó náà ṣì ń bẹ̀bẹ̀ fún owó tí ìjọba fúnra rẹ̀ ti pàṣẹ pé kí wọ́n san.

Ìwé méjì nìyí láti inú ilé kan. Olówó bẹ̀bẹ̀ kí òun má san owó lórí ènìyàn. Ènìyàn bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n san owó iṣẹ́ òun. Kò sí àwòrán ilé kankan tó lè fi Ilé Royall hàn tó ìwé méjèèjì yìí.

Ní 1908, ẹgbẹ́ kan ra ilé náà kí ó má baà bàjẹ́. Wọ́n ṣeun. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, orúkọ Royall nìkan ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó di ọ̀rúndún yìí kí wọ́n tó sọ ọ́ di Ilé Royall àti Ilé Àwọn Ẹrú. Àwọn awalẹ̀pìtàn náà ti walẹ̀ àgbàlá rẹ̀, wọ́n sì ti hú ẹgbẹẹgbẹ̀rún àpáàdì àti ohun èlò ojoojúmọ́ jáde. Lónìí, àwọn tó ń tọ́jú ibẹ̀ ń sọ ìtàn Belinda fún àlejò. Ohun tí wọ́n ṣe yìí ló yẹ kí ó di àṣà, kì í ṣe ohun ìyanu.

Àwọn kan wà tí inú wọn kì í dùn sí i. Wọ́n ní kí wọ́n jẹ́ kí ilé jẹ́ ilé, kí wọ́n má fi ọ̀rọ̀ ẹrú ba adùn òpó àti fèrèsé jẹ́. Wọ́n ní ìmọ̀ ìkọ́lé yàtọ̀ sí òṣèlú. Ìmọ̀ àbọ̀ ni ìmọ̀ wọn. Ṣé ilé ìdáná kì í ṣe ilé ni? Ṣé ẹni tó yan ibi tí ilé àwọn ẹrú máa wà, kó jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí ariwo ibẹ̀ kò fi ní dí àlejò lọ́wọ́, kó sì súnmọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹrú á fi gbọ́ ìpè, kò ṣe iṣẹ́ ayàwòrán ilé ni? Ẹni tó ya ilé ńlá láìya ilé kékeré kò tíì ya ilé Royall. Ẹni tó ń pariwo ìdọ́gba, tó wá ń fojú fo ìdajì àgbàlá, òun gan-an ló ń ṣòṣèlú.

Àwọn mìíràn sì wà ní òdìkejì, tí wọ́n ní kí wọ́n wó irú ilé bẹ́ẹ̀ lulẹ̀. Ìbínú wọn yé ènìyàn. Ṣùgbọ́n ta ni wíwó ilé máa ṣe láǹfààní? Onígbèsè ló máa ń fẹ́ kí ìwé gbèsè jóná. Bí ilé ńlá bá wó, ilé kékeré máa bá a wó. Nígbà tó bá yá, ẹnì kan máa dìde, á ní kò sí ẹrú rí ní ìhà àríwá Amẹ́ríkà, pé ìhà gúúsù nìkan ló fi ènìyàn ṣe òwò. Ilé kékeré Medford ni ẹ̀rí tó máa pa á lẹ́nu mọ́. Kí wọ́n fi í sílẹ̀ kó dúró.

Gbèsè náà kò sì dúró sí Medford nìkan. Nínú ìwé ìhágún rẹ̀, Isaac Royall kékeré fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún Harvard. Ogún yẹn ni wọ́n fi dá ipò ọ̀jọ̀gbọ́n òfin àkọ́kọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1815. Ilé-ẹ̀kọ́ òfin Harvard sì bẹ̀rẹ̀ ní 1817. Láti 1936, ìtí àlìkámà mẹ́ta tó jẹ́ àmì ìdílé Royall wà lára àmì ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ìgbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fárígá ni wọ́n yọ ọ́ kúrò, ní 2016. Ní 2019, Gaston Browne, olórí ìjọba Antigua àti Barbuda, kọ̀wé sí Harvard pé kí wọ́n san ẹ̀san fún orílẹ̀-èdè tí àwọn ènìyàn rẹ̀ fi òógùn kó owó náà jọ. Ní 2022, Harvard kéde pé òun máa ya 100 mílíọ̀nù dọ́là sọ́tọ̀ nítorí ìbáṣepọ̀ òun pẹ̀lú òwò ẹrú.

Ìgbésẹ̀ ni gbogbo ìwọ̀nyí. Ṣùgbọ́n àmì kọ́ ló jẹ gbèsè. Àpò ló jẹ ẹ́. Ẹni tó yọ àmì Royall kúrò lára aṣọ tí kò yọ owó rẹ̀ kúrò nínú àpò, ṣe ló fi ara pamọ́ fún ẹni tó ń sin gbèsè. Bí ilé-ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ni ní òfin bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń gbé irú ẹjọ́ yìí kalẹ̀, kí ó ka ìwé Belinda. Obìnrin tó fi àmì ọwọ́ síwèé ti rí ohun tí ọ̀pọ̀ agbẹjọ́rò fẹ́ fojú fò: kò tọrọ àánú, owó iṣẹ́ ló ń béèrè.

Kí wá ni ṣíṣe? Ìkíní, kí gbogbo ilé àtijọ́ tí wọ́n fi owó ẹrú kọ́, ní Amẹ́ríkà tàbí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, máa mú àlejò gba ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná àti ilé àwọn ẹrú wọlé kí wọ́n tó dé pálọ̀. Ìkejì, bí wọ́n bá ń wá owó láti tún ilé ńlá ṣe, kí ilé kékeré kọ́kọ́ gba tirẹ̀, nítorí pé òun ló ṣọ̀wọ́n jù. Ìkẹta, kí ilé-ẹ̀kọ́ àti ẹbí tó jogún owó náà ka ohun tí wọ́n bá san sí owó iṣẹ́ tó pẹ́, kí wọ́n yé pè é ní ọrẹ.

Ìkẹrin kan àwọn tó ń ka èdè yìí. Ó yẹ kí àwọn olùkọ́ Yorùbá ní Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Èkó máa ka ìwé ẹ̀bẹ̀ 1783 pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn, kí wọ́n sì ṣe ìwádìí ọ̀nà tí Òrìṣà gbà dé Boston. Kí wọ́n má sì fi apá kan ìtàn pamọ́. Àwọn ọba àti oníṣòwò etí òkun tó gba ọtí ìrèké àti ìbọn, tí wọ́n fi ènìyàn dípò, jẹ nínú òwò yìí. Ilé ẹrú Seriki Abass ṣì wà ní Àgbádárìgì títí dòní fún ẹni tó bá rò pé Massachusetts nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ìbí kò ju ìbí. Bí a ti bí ẹrú ni a bí ọmọ. Ẹni tó gbàgbọ́ nínú òwe yìí kò ní bi ilé Medford léèrè òtítọ́ kó wá dákẹ́ lórí ti ilé.

Ògiri pákó náà ṣì ń ṣe bí òkúta. Kí ẹni tó bá fẹ́ yìn ín máa yìn ín. Ṣùgbọ́n kí ó tó kúrò nínú àgbàlá, kí ó yà sí ilé kékeré, kí ó sì rántí iye tí àwọn aṣòfin Massachusetts gbà pé ó tọ́ sí 50 ọdún iṣẹ́ Belinda: pọ́ùn 15 àti ṣílè 12 lọ́dún. Ilé ṣì dúró. Gbèsè náà ṣì dúró.